"Àwòrán gbígbẹ́ odò gbígbẹ́": ẹ jẹ́ ká tún un wò

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú làákàyè. Ẹ ní ká pe àwòrán Canaletto, ayàwòrán ará Venice ní Ítálì, tó ń jẹ́ *Ale Porte del Dolo*, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "etching of a canal", ní "àwòrán gbígbẹ́ odò gbígbẹ́". Gbígbẹ́ méjèèjì ń kọ mí lóminú.

Ká mú odò ṣáájú. Ẹni tó bá gbàgbé àmì ohùn, odò tó ti gbẹ ló kọ yẹn! Bí àmì bá tilẹ̀ pé, ta ló gbẹ́ ẹ? Ti Suez ní Íjíbítì, tí wọ́n ṣí ní 1869, wọ́n gbẹ́ ẹ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n omi Dolo yìí, láàárín Padua àti Venice, ipa odò Brenta àtijọ́ ni. Àwọn ará Venice darí odò ńlá gba ibòmíràn kó má baà kó ẹrẹ̀ dí ọ̀sà wọn, wọ́n sì fi ìlẹ̀kùn sé omi tó kù, kí ọkọ̀ lè máa gòkè, kó máa sọ̀ kalẹ̀. *Porte* inú àkọlé yẹn, ìlẹ̀kùn náà ni. "Odò onílẹ̀kùn" ni tèmi. Suez kò ní ìlẹ̀kùn kankan, kó máa jẹ́ odò gbígbẹ́ tirẹ̀ lọ. Ní ti "yàrà", odi ìlú ló ni ín.

Ó ku àwòrán. Agbẹ́gilére ló ń gbẹ́. Canaletto fi ìda bo awo bàbà, ó fi abẹ́rẹ́ ha àwòrán sára ìda náà títí ó fi kan bàbà, ó wá fi ásíìdì sí i. Ibi tí abẹ́rẹ́ ṣí sílẹ̀ ni ásíìdì jẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi tàdáwà pa á, bí olóólà ṣe ń fi èédú pa ojú ilà. Wọ́n á nu ojú bàbà mọ́ kí tàdáwà ṣẹ́kù sínú ilà nìkan, kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ tẹ bébà tútù mọ́ ọn.

"Fínfín", bí igbá Ọ̀yọ́, sún mọ́ ọn dáadáa. Àmọ́ igbá tí wọ́n fín náà là ń rà lọ sílé. Ta ló ń ra awo bàbà? Bébà là ń rà, awo kan ṣoṣo sì lè tẹ ọ̀pọ̀ bébà. Ìyẹn ni mo ṣe so "tẹ̀" mọ́ "fín": àfíntẹ̀. "Àfíntẹ̀ odò onílẹ̀kùn ní Dolo." Ẹ pè é sókè kí ẹ gbọ́ bó ṣe dún.

Ohun kan ló ń pa mí lẹ́rìn-ín: Canal gan-an lorúkọ ìdílé ọkùnrin náà, "Canal kékeré" sì ni Canaletto. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú ìyẹn.