Tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ Igbó Olókun, ibi ìwalẹ̀pìtàn kan ní Ilé-Ifẹ̀, fún ará ìlú, ibo ló ti máa ń dàrú?

Àlàbá_Ìlódè: Ẹ̀yin awalẹ̀pìtàn, ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀yin tó ń mú èrò yí mùsíọ́ọ̀mù ká, ẹ kú iṣẹ́. Tí ẹ bá ní Ifẹ̀ fúnra rẹ̀ ló yọ́ dígí tó fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀, ibo lọ̀rọ̀ ti máa ń há?

Asẹ́Wẹ́wẹ́: Ọjọ́ orí. Èrò máa ń rò pé ìlẹ̀kẹ̀ gan-an la gbé sẹ́nu ẹ̀rọ tó ń wọn ọjọ́ orí. Rárá o. Èédú tó bá a wà nínú ìpele ilẹ̀ kan náà la fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ mú oríṣi méjì dání: èédú igi ìrókò àti èédú èèpo èkùrọ́. Inú ìrókò lè ti kú tó igba ọdún kí wọ́n tó gé igi náà, nítorí náà ọjọ́ orí á ju ti iná lọ. Èkùrọ́ kì í pé ọdún kan lórí ọ̀pẹ. Tí wọ́n bá ti fojú rí méjèèjì, ó ti yé wọn. Tí èsì èédú bá ní "ọdún 900, kó fi 30 lé tàbí kó fi 30 dín," ọdún 1950 la ti ń kà sẹ́yìn, kì í ṣe òní. A ṣì máa gbé e lé ìwọ̀n òrùka igi kó tó di ọdún kàlẹ́ńdà.

Mọ́remí_kejì: Ó dáa, ṣùgbọ́n Igbó Olókun kọ́ ni kí o fi kọ́ wọn. Àwọn èèyàn ti ń hú ibẹ̀ wá ìlẹ̀kẹ̀ tipẹ́, kí Frobenius, arìnrìn-àjò ará Jámánì, tó dé ní 1910. Èédú òkè lè já sí ìsàlẹ̀ kòtò.

Asẹ́Wẹ́wẹ́: @Mọ́remí_kejì Òótọ́. Ìdí nìyẹn tí èédú kan ṣoṣo ò fi tó. Iṣẹ́ awalẹ̀pìtàn Babalola ní Igbó Olókun kó èédú jọ láti oríṣiríṣi ìpele ni, ó sì gbé e sí ọ̀rúndún 11 sí 15.

Ìyá_Sẹ̀gi: Ṣebí òyìnbó ló kó ìlẹ̀kẹ̀ wá?

Kẹ́mísìrì_Modákẹ́kẹ́: Ẹ kú ìbéèrè, Ìyá. Rárá o, èròjà inú dígí ló ń sọ ibi tó ti wá. Dígí ilẹ̀ Lárúbáwá ayé àtijọ́, yanrìn àti eérú ewéko tó kún fún sódà ni. Ti Íńdíà ní àlúmínà púpọ̀, ṣùgbọ́n kálísíọ̀mù rẹ̀ kéré. Ti Ifẹ̀, méjèèjì ló pọ̀. Irú rẹ̀ dé Gao àti Essouk ní Málì.

Ṣeun_kò_gbà: Ìkòkò ìyọ́dígí nìkan ò fi hàn pé wọ́n ṣe dígí. Wọ́n lè máa tún ti òkèèrè yọ́.

Kẹ́mísìrì_Modákẹ́kẹ́: @Ṣeun_kò_gbà Ibẹ̀ gan-an ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀! Àwọn ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000, àfọ́kù ìkòkò tó lé ní 800, àti dígí tí wọn ò tíì parí iṣẹ́ lórí rẹ̀. Èròjà inú ìkòkò bá ti ìlẹ̀kẹ̀ mu, kò sì bá ti òkèèrè mu. Ẹ má kàn gbé ẹ̀rọ àfọwọ́mú tó ń wo èròjà lé e níwájú èrò o. Kò lè rí sódà, ilẹ̀ sì ti jẹ ara dígí, torí náà nọ́ńbà òde ara á yàtọ̀ sí ti inú. Ẹ̀rọ tó ń fi léésà lu ihò tí ojú ò rí sára dígí ló ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé.

Ọmọ_Adé: Ìkarahun ìgbín ni wọ́n ti rí kálísíọ̀mù inú dígí náà.

Kẹ́mísìrì_Modákẹ́kẹ́: Ó lè rí bẹ́ẹ̀, kò tíì dájú. Má kọ ọ́ sójú pátákó.

Bàbá_Jẹnẹrétọ̀: Jẹnẹrétọ̀ kọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú? Ẹ gbé e jìnnà sí gbọ̀ngàn, kí ariwo rẹ̀ má bo ọ̀rọ̀ yín.

Asẹ́Wẹ́wẹ́: Àti asẹ́ tí a fi ń sẹ́ iyẹ̀pẹ̀ tí a wà. Ìlẹ̀kẹ̀ tó kéré ju ojú asẹ́ lọ á bá iyẹ̀pẹ̀ lọ sórí òkìtì. Ojú asẹ́ kó má ju mìlímítà 2 lọ, ká sì fi omi ṣan ohun tó kù lókè rẹ̀.

Ìyá_Sẹ̀gi: Ẹ jẹ́ kí àwa náà fọwọ́ kàn án.

Mọ́remí_kejì: Ayédèrú ni ká gbé yípo, Ìyá, ká fi okùn so ó mọ́ páálí. Tí 20 bá jáde láìsí okùn, 17 ló máa padà.

Ìyá_Sẹ̀gi: Mẹ́ta yòókù ńkọ́? Ẹ lọ wo ọrùn ìyàwó alága.