Àbúrò ọkọ mi fi orúkọ mi yá owó, wọ́n ní kí n kọ̀wé pé mo mọ̀ sí i

Ẹni tó fi orúkọ bò: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọ̀dọ̀ wa ni àbúrò ọkọ mi ń gbé. Ó mú káàdì NIN mi nínú báàgì mi, ó fi yá owó lórí áàpù kan. Ó tún fi mí ṣe onídùúró nínú fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ó sì fọwọ́ sí i bíi pé èmi ni. Ìgbà táwọn tó yá a lówó bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ni mo tó mọ̀. Ó ti jẹ́wọ́. Ní báyìí, ẹbí ọkọ mi ní kí n kọ lẹ́tà pé mo mọ̀ sí gbogbo ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, kí n sì kọ déètì oṣù méjì sẹ́yìn sórí ẹ̀, kọ́rọ̀ má bàa dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Ọkọ mi ò sọ nǹkan kan. Ṣé lẹ́tà yẹn lè kó bá mi?

Ìyá Ìbejì: Ọmọ mi, kọ ọ́ fún wọn. Ọmọ ilé ni. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.

Lọ́yà Àdúgbò: Màmá, ẹ dákun, ìdáríjì ò burú, lẹ́tà yẹn ló burú. Àǹtí, ẹ má kọ ọ́ o! Nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn tá à ń lò ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gúúsù, abala 464, ìwé téèyàn fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ṣì lè jẹ́ ayédèrú tó bá fi déètì èké sí i láti fi tan ẹlòmíì jẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ á wá di ẹni tí wọ́n ń wá. Gbèsè náà sì lè di tiyín, torí ẹ ti fẹnu ara yín gbà á.

Ní ti ọmọkùnrin yẹn, ọ̀ràn ẹ̀ pọ̀. Ayédèrú ìwé, abala 467: ẹ̀wọ̀n ọdún 3 fún irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀. Bó ṣe tún mú un lọ fún ẹgbẹ́, ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn nìyẹn lábẹ́ abala 468, ìyà kan náà. Lílo nọ́ńbà ìdánimọ̀ yín, Òfin Ìwà Ọ̀daràn Orí Íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015, abala 22, fi ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 5 sí i, tàbí ìtanràn tó lè tó mílíọ̀nù 7 náírà, tàbí méjèèjì. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni òfin jìbìtì ti 2006: ẹni tó bá fi irọ́ gba owó, ọdún 7 sí 20 ni, kò sí pé kó san owó dípò ẹ̀wọ̀n.

Olè ńkọ́? Ṣé ó dá káàdì náà padà?

Ẹni tó fi orúkọ bò: Ó dá a padà, sà. Ó jọ pé ó kàn ya fọ́tò ẹ̀ ni.

Lọ́yà Àdúgbò: Ẹ̀sùn olè lè má dúró nìyẹn lórí káàdì, torí òfin máa ń wò ó bóyá ó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ yín pátápátá. Àwọn tó kù dúró digbí.

Òṣìṣẹ́ Báǹkì: Ẹ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ áàpù yẹn àti ẹgbẹ́ náà lónìí pé ẹ̀yin kọ́ lẹ yá a, ẹ̀yin kọ́ lẹ fọwọ́ sí i. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tiyín. Ẹ béèrè àkáǹtì tí wọ́n san owó náà sí. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ sábà máa ń yanjú, torí orúkọ ẹni tó gba owó máa hàn. Ẹ tún lọ búra ní kóòtù pé ẹ̀yin kọ́.

Ẹni tó fi orúkọ bò: Wọ́n ní àwọn á san gbogbo gbèsè náà tí mi ò bá lọ fẹjọ́ sùn. Ṣé kí n gbà?

Lọ́yà Àdúgbò: Kí wọ́n san án tààrà fún àwọn tó ni owó, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gba kọ́bọ̀ tàbí àǹfààní kankan, fún ara yín tàbí fún ẹlòmíì, lórí àdéhùn pé ẹ máa bo ọ̀ràn mọ́lẹ̀. Abala 127 Òfin Ìwà Ọ̀daràn sọ ìyẹn náà di ẹ̀ṣẹ̀. Tó bá sì ti dé kóòtù, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa sọ pé ẹ fà á padà. Agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ ló ní agbára yẹn, abala 211 ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999; tó bá jẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀ ni, agbẹjọ́rò àgbà ti ìjọba àpapọ̀ ni, abala 174. Olùpẹjọ́ lè bá ọmọkùnrin yẹn dúnàá-dúrà kó dá owó padà kí ìyà sì fúyẹ́, wọ́n á sì bi yín léèrè kí wọ́n tó ṣe é.

Ìyá Ìbejì: Mo ti gbọ́. Àmọ́ ta ló máa lọ sọ fún ìyá ọkọ pé kò ní kọ lẹ́tà?

Òṣìṣẹ́ Báǹkì: Ọkọ ẹ̀ ni. Ṣebí ìyá ẹ̀ ni.