Hilux àtijọ́ oní-kábúrétọ̀ ń kú lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú: pọ́ọ̀ǹpù ni àbí táǹkì?

Spánà_Méjìlá:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Hilux 1986 ni ọkọ̀ náà, ẹ́ńjìnnì 22R oní-lítà 2.4. Kábúrétọ̀ ló ń lò, pọ́ọ̀ǹpù epo rẹ̀ sì ni èyí tó wà lára sílíńdà hẹ́ẹ̀dì. Ó ti wà lójú kan fún ọdún bíi mẹ́rin kó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Tí ara rẹ̀ bá ṣì tutù, kò sí ẹ̀sùn: ó ń sítáàtì, sílóò rẹ̀ (bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà tí èèyàn ò tẹ iná) ń dúró, ó ń gbé iná. Lẹ́yìn bíi ogún ìṣẹ́jú, pàápàá tó bá ń gun òkè tàbí tó bá ti kọjá 80 lórí gééjì, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ẹ̀kì, agbára á máa lọ sílẹ̀, á sì kú. Tó bá sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á tún sítáàtì bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é.

Mo ti pààrọ̀ fíltà epo àti plọ́ọ̀gì. Fíltà tí mo yọ, nígbà tí mo gbọ̀n ọ́n sórí bébà funfun, ohun pupa lẹ́búlẹ́bú ló ń jáde. Mẹkáníìkì kan ní kí n lọ ra pọ́ọ̀ǹpù oníná, èkejì ní kábúrétọ̀ ni kí n pààrọ̀. Mi ò fẹ́ máa ra ẹ̀yà ara ọkọ̀ láti fi dán an wò. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Rẹ́ńṣì_Àgbà:

Àbúrò, má tíì náwó sí nǹkan kan. Ó jọ pé epo ò tó o, ṣùgbọ́n kọ́ìlì, ìyẹn èyí tó ń fún plọ́ọ̀gì ní iná, tó bá gbóná jù náà máa ń ṣe irú rẹ̀, nítorí náà kọ́kọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀. Iná plọ́ọ̀gì tó bá lọ máa ń já lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí èèyàn bá pa kọ́kọ́rọ́. Epo tí kò tó máa ń fà á nílẹ̀: á jẹ́ẹ̀kì, á gbé díẹ̀, á tún jẹ́ẹ̀kì, kó tó wá kú.

Kó lè dá ọ lójú, bó bá ti kú báyìí, yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, pa kọ́kọ́rọ́, ṣí bónẹ́ẹ̀tì, tú ìdérí fíltà afẹ́fẹ́, kí o sì wo ọ̀fun kábúrétọ̀. Fi ọwọ́ fa wáyà tòrótù. Tí epo bá tú pìrì jáde láti inú ihò kékeré tó kọjú sí ọ̀fun náà, a jẹ́ pé epo wà nínú àwo kábúrétọ̀ (ibi tó ń tọ́jú epo díẹ̀ sí), ọ̀rọ̀ kọ́ìlì ni kí o gbá mú. Tí kò bá tú, ó ṣeé ṣe kí àwo ti gbẹ. Mo ní ó ṣeé ṣe, torí pé tí rọ́bà pọ́ọ̀ǹpù kékeré inú kábúrétọ̀ bá ti gbó, kò ní tú bí epo tilẹ̀ wà níbẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn gíláàsì róbótó tó wà lára kábúrétọ̀ 22R. Fi àkísà nù ún dáadáa kí o tó gbé ọkọ̀ jáde. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣe sílóò, epo gbọ́dọ̀ wà ní déédéé àmì tó wà láàárín rẹ̀. Tó bá wá kú, tí o wò ó tí gíláàsì náà ṣófo, epo ni kò dé ibẹ̀, kò sí àríyànjiyàn mọ́.

Kílíìpù_Mẹ́jọ:

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni ẹ̀gbọ́n sọ. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ẹ̀yìn ọkọ̀ kún un.

Nígbà tó bá tún kú, lọ tú ìdérí táǹkì. Tí o bá gbọ́ tó fa afẹ́fẹ́ wọlé fííì, tí ọkọ̀ sì sítáàtì kíákíá lẹ́yìn náà, ibi tí táǹkì fi ń mí ti dí. Bí epo ṣe ń jáde ni afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ máa wọlé láti rọ́pò rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ táǹkì á máa bá pọ́ọ̀ǹpù du epo. Má ṣe gbára lé ìsinmi ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn nìkan láti mọ ohun tó ń ṣe é, torí ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ asẹ́ inú táǹkì náà máa ń já bọ́ nígbà tí fífà bá dáwọ́ dúró. Àmì kan náà, àìsàn méjì.

Rọ́bà ni àwọn èèyàn máa ń fojú fò jù. Láti táǹkì títí dé ẹnu pọ́ọ̀ǹpù, fífà ni pọ́ọ̀ǹpù ń fa epo, kì í tì í. Rọ́bà tó bá sán ní apá ibẹ̀ lè má jò sílẹ̀ rárá, afẹ́fẹ́ ló máa gbà wọlé. O lè wo ilẹ̀ títí, kí o má rí ẹ̀kán epo kan. Ká rọ́bà náà níbi tí kílíìpù ti dì í mú. Tó bá fi ìlà wẹ́ẹ́wẹ́ hàn, tàbí tó ti le gbagidi bíi pákó, yọ ọ́ dànù. Kí o sì ki fíltà kékeré tí ara rẹ̀ mọ́ gaara sáàárín táǹkì àti pọ́ọ̀ǹpù, kí o máa wò ó bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́. Tí ìhó afẹ́fẹ́ bá ń tẹ̀ léra wọn láìdáwọ́ dúró, ibì kan ń fa afẹ́fẹ́. Tí kò bá sí ìhó ṣùgbọ́n tí epo inú rẹ̀ ń fà lọ sílẹ̀ nígbà tí o bá tẹ iná, nǹkan ti dí lẹ́yìn. Pé fíltà náà ò kún dé òkè kì í ṣe àìsàn.

Tí o bá ń ra rọ́bà, ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí ara rẹ̀. SAE J30R7, ìyẹn àmì irú rọ́bà epo, tó fún kábúrétọ̀. Tí epo tí o ń rà bá ní ethanol (irú ọtí kan tí wọ́n ń pò mọ́ epo) nínú, J30R9 ni kí o rà. Méjèèjì ò gbọ́dọ̀ wọ inú táǹkì o, torí ìta rọ́bà wọn ò lè gba kí epo máa rì í mọ́lẹ̀. J30R10 ni wọ́n ṣe fún ìyẹn. Fi kálípà wọn páìpù tìrẹ kí o tó lọ sọ́jà.

Wáyà_Pupa:

Ẹ má bínú, èmi fara mọ́ mẹkáníìkì tó ní kó lo pọ́ọ̀ǹpù oníná. Ooru ẹ́ńjìnnì máa ń sọ epo di oru nínú pọ́ọ̀ǹpù tó wà lára hẹ́ẹ̀dì, pọ́ọ̀ǹpù ò sì lè fa oru dáadáa. Tó bá gbé ti oníná sẹ́yìn lẹ́bàá táǹkì, epo á máa wá pẹ̀lú agbára, ọ̀rọ̀ á sì parí.

Rẹ́ńṣì_Àgbà:

@Wáyà_Pupa, ọ̀rọ̀ ooru yẹn kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí fíltà rẹ̀ ń da ìpẹtà sílẹ̀, tó bá gbé pọ́ọ̀ǹpù oníná sí i, pọ́ọ̀ǹpù náà á gbé ìpẹtà yẹn mì, kò sì ní pẹ́ bàjẹ́. Pọ́ọ̀ǹpù oníná mọ títì, kò mọ fífà láti ọ̀nà jíjìn, nítorí náà asẹ́ tó dí ló máa kọ́kọ́ pa á.

Ewu tún wà níbẹ̀. Kábúrétọ̀ yìí fẹ́ psi (òṣùwọ̀n agbára tí epo fi ń tì) 3 sí 4. Pọ́ọ̀ǹpù ọkọ̀ onínjẹ́kítọ̀ máa ń ti epo ní psi 35 sókè, àwọn kan sì máa ń tà á fún oní-kábúrétọ̀. Á ti abẹ́rẹ́ tó ń sé ọ̀nà epo nínú kábúrétọ̀ kúrò lórí ìjókòó rẹ̀, epo á kún àwo, á dà sínú ẹ́ńjìnnì, á sì máa ṣàn síta lórí irin gbígbóná. Ẹni tó bá pinnu láti lò ó gbọ́dọ̀ ra èyí tí agbára rẹ̀ kéré, kó fi rìlèé àti fíúùsì sí i, kó sì so ó mọ́ súwíìṣì tó máa dá a dúró tí ẹ́ńjìnnì bá kú, bíi èyí tó ń ka agbára ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì (oil pressure). Láìsí ìyẹn, tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ tí páìpù já, pọ́ọ̀ǹpù á máa da epo sí títì níwọ̀n ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ bá ṣì wà lórí ON.

Spánà, àyẹ̀wò méjì ló kù. Fi T (ìsopọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta) àti gééjì sẹ́nu kábúrétọ̀, kí o ka psi lórí sílóò. Lẹ́yìn ìyẹn, yọ rọ́bà tó wọ kábúrétọ̀, ki í bọ ìgò tó ní àmì ìwọ̀n, kí ẹnu ìgò jìnnà sí wáyà plọ́ọ̀gì àti ẹgísọ́ọ̀sì. Sítáàtì: epo tó ṣẹ́kù nínú àwo máa gbé sílóò fún ìṣẹ́jú-àáyá 30. Ìdajì lítà ló yẹ kó jáde láàrin àkókò yẹn. Tí kò bá tó, fi rọ́bà tuntun fa epo tààrà láti inú kẹ́ẹ̀gì sí ẹnu pọ́ọ̀ǹpù, kí o tún wọ̀n ọ́n. Máa ní ohun ìpaná lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní ọjọ́ kan náà, fa díípìsítíìkì ọ́ìlì, gbóòórùn rẹ̀. Tó bá ń rùn epo, dáyáfíràmù pọ́ọ̀ǹpù (awọ inú rẹ̀ tó ń fa epo) ti lè ya, ó sì ń da epo sínú ọ́ìlì. Má ṣe wà á mọ́ títí o fi máa pààrọ̀ méjèèjì.

Spánà_Méjìlá:

Ẹ ṣeun gan-an. Èsì rèé: gíláàsì ṣófo nígbà tó kú. Ìdérí táǹkì ò fa afẹ́fẹ́ kankan. Gééjì ka psi 3.5. Epo inú ìgò ò tó ìdámẹ́ta lítà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fà á láti inú kẹ́ẹ̀gì ó kọjá ìdajì. Ọ́ìlì ò rùn. Kò sí ìhó nínú fíltà, ṣùgbọ́n epo inú rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ tí mo bá tẹ iná.

Rẹ́ńṣì_Àgbà:

Pọ́ọ̀ǹpù rẹ yè, fi sílẹ̀. Wò ó bí psi ṣe dára tí ìwọ̀n epo ò sì tó: lórí sílóò, epo tí ẹ́ńjìnnì ń mu kéré, kò ṣòro láti dé psi 3.5. Òkè ló ń tú àṣírí rẹ̀. Ó ti dí nínú asẹ́ táǹkì tàbí nínú páìpù irin, o sì ní láti sọ táǹkì kalẹ̀.

Yọ orí nẹ́gátíìfù bátìrì. Fa epo kúrò pátápátá, níta gbangba, torí oru epo wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ó sì máa ń dùbúlẹ̀ nínú ihò tí mẹkáníìkì ń wọ̀. Fi jáàkì àti pákó gbé ìdí táǹkì ró kí o tó tú bóòtù, kí o sì lẹ àmì mọ́ rọ́bà kọ̀ọ̀kan, kí ti epo tó ń lọ àti ti epo tó ń padà má bàa pàṣípààrọ̀. Yọ sẹ́ńdà gééjì (èyí tó ń sọ fún gééjì bí epo ṣe kù sí) àti páìpù tó gbé asẹ́ dání, kí o fi tọ́ọ̀ṣì wo inú.

Ohun méjì ni o lè bá níbẹ̀. Ohun tó ń lẹ̀, tó rí pupa rẹ́súrẹ́sú, tó ń rùn bí ọ̀dà: epo àtijọ́ tó ti gan ni. Ásíìdì kì í yọ ọ́. Acetone, ohun olómi tó ń yọ ọ̀dà, ni kí o kọ́kọ́ fi rẹ ẹ́, torí ìpẹtà tó wà lábẹ́ rẹ̀ ò ní rí ásíìdì. Lẹ́yìn náà, fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí òórùn epo fi máa lọ. Fún ìpẹtà, po citric acid gíráàmù 50 sí 100 mọ́ lítà omi gbígbóná kọ̀ọ̀kan, kí o sì kún táǹkì dé ẹnu, torí òkè ibi tí epo kì í dé ni ìpẹtà sábà máa ń pọ̀ sí jù. Fi sílẹ̀ fún wákàtí 24. Má fi sẹ́ńdà sínú rẹ̀ o, ásíìdì á jẹ ẹ́.

Tó o bá ti da ásíìdì nù, fi omi tí o po baking soda mọ́ ṣàn án, fi omi lásán ṣàn án, kí o sì fi kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ gbẹ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ báyìí lè tún pọ́n kó tó ilẹ̀ ṣú, nítorí náà da epo lítà kan tó ní ọ́ìlì díẹ̀ nínú sí i, yí táǹkì kiri, kí o tún dà á jáde. Gún ìsàlẹ̀ àti ojú ìsopọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú sukurudíráfà. Tó bá lu, wá táǹkì mìíràn. Má gbé e lọ sọ́dọ̀ awẹ́dà: táǹkì tó ṣófo lewu ju èyí tó kún lọ.

Kílíìpù_Mẹ́jọ:

Kí táǹkì tó padà, yọ páìpù irin ní orí méjèèjì, kí o fẹ́ afẹ́fẹ́ láti iwájú sí ẹ̀yìn, sínú ìgò. Afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ò gbọ́dọ̀ gba inú pọ́ọ̀ǹpù kọjá, á ya dáyáfíràmù. Ìpẹtà díẹ̀ á ti dé kábúrétọ̀ náà, torí náà tú abẹ́rẹ́ àti asẹ́ kékeré ẹnu ọ̀nà epo, kí o fọ̀ wọ́n. Jẹ́ẹ̀tì bàbà (ẹ̀yà oníhò kékeré tó ń wọn epo) tó wà níbẹ̀, súpúrè àti afẹ́fẹ́ nìkan ló tó. Wáyà tí o bá tì bọ̀ ọ́ á fẹ ihò rẹ̀, ọkọ̀ á sì máa mu epo.

Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ni kí o fi sí sẹ́ńdà. Má ṣe fi sílíkónì lásán rọ́pò rẹ̀, epo máa ń sọ ọ́ di jẹ́lì, èérún rẹ̀ á sì tún di ohun tó ń dí asẹ́ tuntun. Ha ibi tí wáyà áàtì sẹ́ńdà ti kan irin títí yóò fi dán, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gééjì epo á máa parọ́. Da lítà 10 sí i lákọ̀ọ́kọ́, yẹ gbogbo ojú ìsopọ̀ wò kí o tó kún un, kí o sì pààrọ̀ fíltà nígbà tí táǹkì àkọ́kọ́ bá tán.

Spánà_Méjìlá:

Mo ti sọ táǹkì kalẹ̀. Asẹ́ náà ti dí tán, ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ ló ṣì lè gba epo kọjá, ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn rí pupa rẹ́súrẹ́sú bí ẹ ṣe sọ. Ìsàlẹ̀ táǹkì ò lu. Mo ti da acetone sí i.

Rẹ́ńṣì_Àgbà:

Ó dáa. Yí i kiri ní wákàtí méjì méjì, kí gbogbo ògiri rẹ̀ lè kan acetone. Pa á dé, kí o sì gbé e jìnnà sí iná. Oru acetone náà ń gbiná bíi ti epo.