Jíjáwọ́ nínú kodíìnì àti tramadol nílé: kí la máa ṣe, kí la ò gbọdọ̀ ṣe?

Ìrètí_Ilé

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti ń lo oògùn ikọ́ oníkodíìnì pẹ̀lú tramadol lójoojúmọ́ fún bí ọdún méjì. Ó ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun fẹ́ jáwọ́. Àwọn ẹbí fẹ́ tì í mọ́ yàrá fún ọjọ́ márùn-ún, kí wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, "kí gbogbo ẹ̀ ṣàn jáde." Ṣé ó bójú mu? Ìgbà wo ni ìnira tó ń bá jíjáwọ́ wá máa ń bẹ̀rẹ̀, ìgbà wo ló máa ń le jù, kí la sì lè fún un? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wàásù fún mi. Ohun tá a máa ṣe gan-an ni mo fẹ́ mọ̀.

Nọ́ọ̀sì_Òru

Ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ má tì í mọ́lé. Ẹni tó ń bì, tó tún ń ṣu gbuuru, omi ara rẹ̀ lè gbẹ láàárín ọjọ́ kan. Gìrì sì lè mú ẹni tó ń lo tramadol púpọ̀. Bí ilẹ̀kùn bá wà ní títì, ta ni yóò rí i? Yàrá tó sún mọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, tí ẹnìkan ń yọjú sí ní wákàtí méjìméjì tọ̀sántòru, ìyẹn ló wúlò.

Oògùn méjèèjì yìí kì í pẹ́ lára. Láàárín wákàtí 8 sí 24 lẹ́yìn èyí tó lò kẹ́yìn, á bẹ̀rẹ̀ sí í yán léraléra, omi á máa bọ́ lójú rẹ̀, imú á máa dà bíi ti ẹni tí òtútù mú, kò sì ní lè jókòó sójú kan. Ẹ wo ojú rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀: ọmọ ẹyinjú tó máa ń kéré tíntín nígbà tó lo oògùn, á ti fẹ̀ báyìí. Ọjọ́ kejì sí ìkẹta ló máa ń le jù. Inú á máa lọ́ ọ, oríkèé á máa ro ó, ẹsẹ̀ á máa ta pàrà lórí bẹ́ẹ̀dì, oorun ò sì ní wá. Láàárín ọjọ́ 4 sí 10, ọ̀pọ̀ rẹ̀ á ti rọlẹ̀. Ti methadone, oògùn irú kan náà tó ń pẹ́ lára, yàtọ̀: ó máa ń tó wákàtí 12 sí 48 kó tó bẹ̀rẹ̀, ó sì lè tó ọjọ́ 10 sí 20 kó tó lọ.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé opioid (irú oògùn apàrora tí kodíìnì àti tramadol jẹ́) máa ń tẹ ibi tó ń tú noradrenaline, èròjà tó ń ta ara jí, sílẹ̀ nínú ọpọlọ mọ́lẹ̀. Bó bá ti pẹ́ tó ń tẹ̀ ẹ́, ọpọlọ náà á fi agbára kún tirẹ̀. Ọjọ́ tí oògùn bá kúrò, kò sóhun tó ń dá agbára yẹn dúró mọ́: àyà á máa lù kìkì, òógùn á bò ó, irun ara á dìde, ìfun tí oògùn ti sọ di aláìṣiṣẹ́ á wá máa sáré.

Tramadol tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, torí kì í ṣe iṣẹ́ opioid nìkan ló ń ṣe. Ó ń kan serotonin náà, èròjà míì nínú ọpọlọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń gbóhùn tí ẹlòmíì ò gbọ́, tàbí kí wọ́n máa bẹ̀rù pé wọ́n ń lé àwọn, kí ọwọ́ sì máa ta wọ́n ṣínṣín. Ẹ má so ó mọ́lẹ̀, ẹ má sì sọ pé orí rẹ̀ ti dàrú. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn pé tramadol ló ń lò.

Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, kí ẹnìkan bi í ní àwọn ìbéèrè kan níkọ̀kọ̀. Níwájú bàbá rẹ̀, kò ní sọ òótọ́. Ṣé ó ń mu ọtí lójoojúmọ́, àbí ó ń lo diazepam àtàwọn oògùn oorun bẹ́ẹ̀? Dídá ìwọ̀nyẹn dúró lójijì lè pa èèyàn. Ṣé gìrì ti mú un rí? Mélòó ni tramadol rẹ̀ lóòjọ́, ní mg? Bí ìdáhùn sí méjì àkọ́kọ́ bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, tàbí tí tramadol bá ju 400 mg lọ lóòjọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé mọ́. Aboyún náà kò gbọdọ̀ dá opioid dúró lẹ́ẹ̀kan náà, oyún lè bà jẹ́ tàbí kí ó rọbí ṣáájú àsìkò. Methadone tàbí buprenorphine, àwọn opioid tí wọ́n fi ń tọ́jú bárakú, ni wọ́n máa ń fún un lábẹ́ ìtọ́jú dókítà.

Apoògùn_Òdodo

Mo fara mọ́ Nọ́ọ̀sì. Ẹ jẹ́ kí n fi ti àpótí oògùn kún un.

Omi ló ṣáájú. Bí kò bá sí oògùn omi-ara tó wà nínú ṣáṣẹ́ẹ̀tì, ẹ po lítà kan omi tó mọ́ pọ̀ mọ́ ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Kí ṣíbí tẹ́jú, kó má ga. Iyọ̀ tó bá pọ̀ jù léwu. Bó bá ń bì, ẹ má fún un ní ife kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀kún ṣíbí kan ní ìṣẹ́jú méjì-mẹ́ta ló máa dúró nínú rẹ̀.

Fún ìgbẹ́ gbuuru, loperamide 4 mg lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà 2 mg lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Láìsí àṣẹ dókítà, ẹ má ju 8 mg lọ lóòjọ́. Àwọn kan máa ń gbé e mì ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́ torí opioid lòun náà. Ìyẹn lè da bí ọkàn ṣe ń lù rú, kó sì dá a dúró.

Fún ara ríro, paracetamol 500 mg hóró méjì ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà, kó má kọjá hóró mẹ́jọ lóòjọ́. Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣì í ṣe nìyí: ọ̀pọ̀ hóró kodíìnì ló ti ní paracetamol nínú. Bó bá ṣì ń lo ìyẹn, ẹ kà á mọ́ ọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ló máa sanwó.

Clonidine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, máa ń dín òógùn, àyà lílù àti àìfararọ kù dáadáa, torí noradrenaline yẹn gan-an ló ń mú rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Ẹ má rà á fúnra yín. Ẹni tó bá kọ ọ́ fún un gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ ìwọ̀n nítòsí, kó wọn ìfúnpá ṣáájú ìlò kọ̀ọ̀kan. Bí nọ́ńbà òkè bá ti wà lábẹ́ 90, kó má fún un.

Ìrètí_Ilé

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹnìkan ní ká máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, ẹlòmíì ní buprenorphine, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá ní ìyẹn ò yàtọ̀ sí kéèyàn fi oògùn olóró rọ́pò oògùn olóró. Èwo ni ká ṣe?

Olùtọ́jú_Bárakú

Ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n pé methadone àti buprenorphine ti wà lórí àkójọ oògùn kòṣeémáàní ti Àjọ Ìlera Àgbáyé láti 2005. Ẹni tó ń lò ó déédéé kì í yó, kì í jìyà, ó ń lọ síbi iṣẹ́. Ewu ikú rẹ̀ sì kéré gan-an sí ti ẹni tó kàn jìyà ọ̀sẹ̀ kan tí kò sì sóhun tó tẹ̀ lé e. Tí ẹ bá rí dókítà tó ń fún èèyàn, èmi á yàn án ṣáájú dídínkù.

Àsìkò ni wọ́n máa ń ṣì nínú buprenorphine. Bí opioid míì bá ṣì wà lára rẹ̀, buprenorphine á tì í kúrò lójijì, ìnira ọjọ́ mẹ́ta á sì dé láàárín wákàtí kan. Nítorí náà, kó ti tó wákàtí 12 ó kéré tán lẹ́yìn kodíìnì tàbí tramadol (ti methadone ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa), kí ìnira sì ti hàn lára rẹ̀. Wọ́n ń fi COWS, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí ìnira jíjáwọ́ ṣe le tó, wò ó, ohun 11 ni wọ́n ń gba máàkì fún: ìlùkìkì ọkàn, yíyán, ọmọ ẹyinjú, òógùn àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ dókítà ń dúró kí ó tó bíi 12. 2 sí 4 mg ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á dúró wo ojú rẹ̀, kí wọ́n tó fi kún un.

Bí dídínkù nìkan ló bá ṣeé ṣe, bíi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù kan ni wọ́n máa ń yọ fún ẹni tó ti lò ó ju ọdún kan lọ. Ẹni tó wà lórí 400 mg, ìyẹn kápúsù 50 mg mẹ́jọ, á yọ kápúsù kan, á dúró kí ara balẹ̀, kó tó yọ òmíràn. Kí oògùn wà lọ́wọ́ ẹlòmíì tó ń ka tòjọ́ kọ̀ọ̀kan fún un. Kó má lọ hóró tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, gbogbo agbára rẹ̀ á jáde lẹ́ẹ̀kan. Ní ti oògùn ikọ́ olómi, dídín in kù nílé kì í sábà yọrí: ẹnu ìgò ni wọ́n ń gbà mu ún, kò sẹ́ni tó mọ iye tó wọlé.

Alábàárìn

Ẹ̀yin ará ti sọ ti ọ̀sẹ̀ kìíní. Lójú tèmi, ọjọ́ kẹwàá ló yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù jù. Nígbà yẹn ara ti gbàgbé oògùn. Iye tó ń lò tẹ́lẹ̀ láìsí wàhálà, bó bá padà lò ó lẹ́ẹ̀kan péré, ó lè dá èémí rẹ̀ dúró. Àṣìlò lẹ́yìn ìsinmi ló ń pa wọ́n, nínú ilé tí gbogbo èèyàn ti ń dúpẹ́ pé ó ti bọ́.

Ẹ ní naloxone nílé, oògùn tó ń lé opioid kúrò kí èémí lè padà. Bẹ́ ẹ bá bá a tó ń hanrun lọ́nà àjèjì, tí ètè tàbí èékánná rẹ̀ ti ń dúdú, tí kò dáhùn, ẹ pe ọkọ̀ pàjáwìrì, ẹ fún un ní abẹ́rẹ́ 0.4 mg sínú iṣan ẹran itan, tàbí 4 mg ti imú. Bí kò bá tíì mí dáadáa lẹ́yìn ìṣẹ́jú 2 sí 3, ẹ tún un ṣe. Tí kò bá mí rárá, ẹ fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu. Bó bá ti ń mí, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ má fi í sílẹ̀ torí pé ó jí: ìṣẹ́jú 30 sí 90 ni naloxone ń lò, opioid lè pẹ́ jù ú lọ, kó tún sùn padà.

Ti fóònù: ẹ má gbà á. Ẹ jẹ́ kó fúnra rẹ̀ pa nọ́ńbà àwọn tó ń tà á fún un rẹ́, bó bá sì gbà, kó pààrọ̀ síìmù. Fóònù yẹn ló máa fi dé ìpàdé. Narcotics Anonymous, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti jáwọ́ nínú oògùn olóró, ti wà láti 1953, wọn kì í gbowó, ìpàdé wọn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìfẹ́ láti jáwọ́ nìkan ni wọ́n ń béèrè. Nar-Anon wà fún ẹ̀yin ẹbí. Bẹ́ ẹ bá bọ́ sí ìpàdé tí wọ́n ti ń fojú burúkú wo ẹni tó ń lo buprenorphine, ẹ wá ìpàdé míì. Kó má torí wọn pa oògùn tì.

Ẹ bá a ṣètò ẹni méjì tó lè pè lóru. Ìyánhànhàn máa ń dé bí ìgbì, ó sì máa ń lọ, bí ẹnìkan bá bá a sọ̀rọ̀ títí yóò fi rọlẹ̀. Oorun rẹ̀ lè má gún fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, inú rẹ̀ sì lè máa bàjẹ́ láìnídìí. Bó bá ń sọ pé òun ò fẹ́ wà láyé mọ́, kẹ́ ẹ má dúró dọ̀la.

Ìrètí_Ilé

A ti rí dókítà tó ń fún èèyàn ní buprenorphine, ọ̀la la ń lọ. Wọ́n ní ó korò. Ṣé ó lè fi omi gbé e mì?

Apoògùn_Òdodo

Rárá o. Bó bá gbé e mì, ẹ̀dọ̀ á fọ́ èyí tó pọ̀ jù kó tó dé inú ẹ̀jẹ̀, ẹ ó wá rò pé kò ṣiṣẹ́. Kó fi omi rin ẹnu, kó fi sábẹ́ ahọ́n, kó má sọ̀rọ̀, kó má mu nǹkan kan títí yóò fi yọ́ tán. Ó sábà máa ń gba ìṣẹ́jú 5 sí 10. Lẹ́yìn náà, kó fi omi yọ eyín rẹ̀ dáadáa, kó gbé omi náà mì, kó tó wákàtí kan kó tó fọ eyín, torí ó ń ba eyín jẹ́. Ẹ kọ aago tó lo kodíìnì àti tramadol kẹ́yìn sórí ìwé, kẹ́ ẹ gbé e dání. Òun ni dókítà máa kọ́kọ́ béèrè.