Ẹ̀yin tó ti gbé ẹni tó fara pa dé ọsibítù rí, ẹ gbà mí
Ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí l'Ádó-Èkìtì, mo ń ṣèwádìí lórí ohun tó ń dá àwọn tí ọ̀kadà bá ṣe léṣe dúró kí wọ́n tó dé yàrá iṣẹ́ abẹ. Ìwádìí ńlá kan lórí àwọn tó fara pa, CRASH-2, tó jáde lọ́dún 2010, àti àtúpalẹ̀ rẹ̀ tó tẹ̀lé e lọ́dún 2011, fi hàn pé tranexamic acid, oògùn tó ń dín ẹ̀jẹ̀ dídà kù, lè gba ẹ̀mí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ là, bí wọ́n bá fún un kí wákàtí 3 tó kọjá lẹ́yìn jàǹbá. Ṣùgbọ́n “àárọ̀” lásán ni wọ́n ń kọ sínú fáìlì tiwa fún ìgbà tí jàǹbá ṣẹlẹ̀. Àárọ̀ wo? Aago 6 àbí 11?

Ẹ̀yin tó gbé èèyàn wá láti Ìkẹ́rẹ́ tàbí Ọ̀mùò, kí ló fi yín falẹ̀ jù: ọkọ̀, owó àbí wíwá ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa fà sí i lára? Ẹni tó bá sì ti ṣe irú ìwádìí yìí rí, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe mọ aago tí jàǹbá ṣẹlẹ̀ gan-an?