Ṣé ẹnikẹ́ni ń gbádùn kámpù yìí lóòótọ́?

Ìyá Ìbejì, Leeds:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Ẹ gbà mí. Ọkọ mi ti bá àwọn òbí ọ̀rẹ́ àwọn ọmọ ṣe àdéhùn láìbi mí, wọ́n ní ọjọ́ Jímọ̀ yìí gbogbo wa ń lọ pàgọ́ ní Lake District, ibi òkè àti adágún yẹn ní England. Àgọ́! Èmi tí mo ní bẹ́ẹ̀dì, tí mò ń san owó ilé lóṣooṣù, kí n lọ sùn sórí koríko láàárín àgùntàn. Àwọn ìbejì ti ń fò sókè, ẹnu mi ò gbà á mọ́ láti ní rárá. Mo wo ojú ọjọ́ lórí fóònù: òjò lálẹ́ Jímọ̀, òjò lọ́jọ́ Sátidé. Àgọ́ ẹni mẹ́rin ló rà, àwa náà sì jẹ́ mẹ́rin, pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí nínú. Kí ló kù tí mo gbọ́dọ̀ wá? Ẹ sì sọ òótọ́ fún mi, ṣé ẹnikẹ́ni ń gbádùn nǹkan yìí, àbí torí fọ́tò ni wọ́n ṣe ń lọ?

Bàbá Tólú, Manchester:
Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́. Àgọ́ ẹni mẹ́rin, ẹni méjì ló gbà. Ẹni tó kọ nọ́ńbà yẹn sára páálí gbà pé ẹ ò gbé báàgì, ẹ ò wọ bàtà, ẹnikẹ́ni ò sì ní yíra padà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ wá ti ẹni mẹ́fà yá. Ìgbà tí èmi kọ́kọ́ lọ, ti ẹni méjì ni mo gbé dání fún èmi àti ìyàwó mi. Èémí wa ti di omi sára àgọ́ nínú lóru, èjìká mi sì kàn án, gbogbo ẹ̀ wọ inú àpò ìsùn mi. Mo jí láago mẹ́ta, mo kọ́kọ́ rò pé mo tọ̀ sára ni.

Àǹtí Glasgow:
😂😂 Bàbá Tólú, ẹ ò ní pa mí.
Ṣùgbọ́n òótọ́ lẹ sọ. Ẹ ṣí ihò afẹ́fẹ́ tó wà lókè àgọ́ sílẹ̀, òtútù ì báà mú. Ẹni tó bá dí gbogbo ẹ̀ pa ló máa ń jí sínú omi, á wá máa bú àgọ́ pé ó ń jò.
Ohun tí ẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí ni bẹ́ẹ̀dì afẹ́fẹ́ yẹn. Mo ra àpò ìsùn olówó ńlá lọ́dún kan, mo tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì afẹ́fẹ́, mo ní mo ti ṣe tán. Iwájú mi gbóná dáadáa. Ẹ̀yìn mi, bíi pé wọ́n tẹ́ mi sórí yìnyín. Ilẹ̀ ló ń fa ooru ara èèyàn lọ, afẹ́fẹ́ inú bẹ́ẹ̀dì yẹn náà sì ti tutù. Apá àpò ìsùn tí ẹ bá sì sùn lé, ó ti tẹ̀ pẹlẹbẹ, kò lè mú ooru dúró mọ́. Ẹ wá ẹní fóòmù, ẹ tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, kì í ṣe sábẹ́ ẹ̀. Nọ́ńbà R máa ń wà lára ẹní tó dáa: bó bá ṣe ga tó ló ṣe ń gbà yín lọ́wọ́ ilẹ̀ tó. Ìgbà ooru níbí, 2 sókè ti tó yín.

Nọ́ọ̀sì Birmingham:
Kí ẹ sì wo nọ́ńbà ara àpò ìsùn dáadáa. Èyí tí wọ́n pè ní comfort ni kí ẹ fọkàn tán. Limit, ti ọkùnrin tó ká ara jọ nìyẹn. Extreme, ìyẹn kàn ń sọ ibi tí òtútù lè dé kó tó pa yín ni. Mo ní ẹ̀gbọ́n kan tó fi extreme ra tiẹ̀, ó ní owó ẹ̀ rọjú díẹ̀ ju tàwọn yòókù lọ. Ó sun inú ọkọ̀.

Ọmọ London:
Mo ti ń sùn nínú ọkọ̀ tipẹ́. Kì í ṣe ìtìjú.

Ẹ̀gbọ́n Aberdeen:
Ẹ̀yin ọmọdé yìí ń dẹ́rù ba obìnrin yìí lásán. Ọ̀rọ̀ òtútù ò le. Tí a bá ti yan ẹran tán lálẹ́, èmi máa ń jẹ́ kí èédú yẹn kú, tí iná ò bá sí lórí ẹ̀ mọ́, màá gbé e sí ẹnu ọ̀nà àgọ́ nínú, màá ṣí sípù díẹ̀. Ooru á gba gbogbo ibẹ̀. Àwọn ọmọ mi sùn bí ọmọ tuntun.

Nọ́ọ̀sì Birmingham:
Ẹ̀gbọ́n, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ìyá Ìbejì, ẹ má gbọ́ èyí o!

Ẹ̀gbọ́n Aberdeen:
Kí ló dé? Mo ní èédú ti kú.

Nọ́ọ̀sì Birmingham:
Kò kú. Níwọ̀n ìgbà tó ṣì gbóná, carbon monoxide ń jáde lára ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, kì í ta lójú. Ẹ̀jẹ̀ ara èèyàn fẹ́ràn ẹ̀ ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó ju 200, tó bá ti dì mọ́ ẹ̀jẹ̀, kì í fẹ́ kúrò bọ̀rọ̀. Orí á máa fọ́ yín, èébì á máa gbé yín, oorun á máa kùn yín. Ẹ ó rò pé àárẹ̀ ìrìn àjò ni. Àwọn ọmọ tẹ́ ẹ ní wọ́n sùn dáadáa yẹn, ẹ dúpẹ́ pé wọ́n jí.

Ẹ̀gbọ́n Aberdeen:
Sípù ṣí o. Mo sọ bẹ́ẹ̀. Atẹ́gùn ń wọlé.

Tíṣà Cardiff:
Ẹ̀gbọ́n, sípù tiwa náà ṣí. Òjò ń rọ̀ ni, mo wá gbé sítóòfù gáàsì sínú àgọ́ kí n lè se oúnjẹ fún àwọn ọmọ. A jẹun tán, mo fi sílẹ̀ lórí iná kékeré nítorí òtútù. Ìyàwó mi ní orí ń fọ́ òun. Àbíkẹ́yìn bì. A ní oúnjẹ ni kò bá a lára mu. Èmi fúnra mi dìde láti bu omi fún un, ẹsẹ̀ mi ò gbé mi. Obìnrin kan tó wà nínú àgọ́ tó tẹ̀ lé tiwa ló gbọ́ bí ọmọ ṣe ń sunkún, ló wá wò wá, ló fa gbogbo wa síta sínú òjò. Ọsibítù la sùn, ọ́síjìn lójú gbogbo wa. Láti ìgbà yẹn, sítóòfù mi kì í wọ àgọ́, kódà kí òjò máa rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Àǹtí Glasgow:
Háà! Tíṣà, ẹ kú ewu o. Ẹ kú orí ire.

Ẹ̀gbọ́n Aberdeen:
Ẹ kú ewu, Tíṣà. Ṣùgbọ́n gáàsì ni tiyín, èédú ni tèmi. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Nọ́ọ̀sì Birmingham:
Ẹ̀gbọ́n, ti èédú ló burú jù!

Bàbá Tólú, Manchester:
Ẹ̀gbọ́n. Jẹnẹrétọ̀ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ọmọ London:
Ọ̀rọ̀ parí.

Ẹ̀gbọ́n Aberdeen:
Ẹ ti wá fi jẹnẹrétọ̀ pa mí lẹ́nu mọ́. Ó dáa. Mi ò ní gbé e wọlé mọ́. Ṣùgbọ́n kí ó wà lákọsílẹ̀ pé sípù ṣí.

Nọ́ọ̀sì Birmingham:
A ti kọ ọ́ sílẹ̀, sà. 🙏 Ìyá Ìbejì, ẹ ra aláàmù carbon monoxide kékeré, èyí tó ń lo bátìrì, ẹ gbé e kọ́ sínú. Kì í ṣe ìwé àṣẹ pé kí ẹ gbé èédú wọlé o.

Ìyá Ìbejì, Leeds:
Ọkọ mi ti ka gbogbo ẹ̀. Ó ti yọ páàkì èédú kúrò nínú bùùtù ọkọ̀. Òjò tó ń bọ̀ yìí wá ńkọ́?

Àǹtí Glasgow:
Ẹ kọ́kọ́ pa àgọ́ náà wò lẹ́yìn ilé lónìí, kí ojúmọ́ ṣì wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ní a ó rí i tá a bá débẹ̀, ẹ̀yin náà la máa ń rí nínú òkùnkùn tẹ́ ẹ ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù ka ìwé ìlànà. Ẹ gún èèkàn ní ìdagẹ̀rẹ̀, kí orí ẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí àgọ́. Tó bá nàró ṣánṣán, afẹ́fẹ́ kan báyìí á fà á tu. Okùn gbogbo ni kí ẹ so, kódà tí ojú ọjọ́ bá dáa nígbà tẹ́ ẹ débẹ̀.

Tíṣà Cardiff:
Kí ẹ má sì pàgọ́ sí kòtò. Ibi tí koríko ti rọ̀ jù, tó tutù yọ̀yọ̀, tí ẹnìkan ò sì dúró sí, ẹ bi ara yín léèrè ìdí ẹ̀. Omi ń ṣàn lọ síbẹ̀ lóru ni.

Bọ̀dá Calgary:
Ẹ̀yin ará UK, òjò nìkan lẹ̀ ń sọ? Ní Banff ní Canada níbí, tó o bá gbàgbé búrẹ́dì sínú àgọ́, béárì lò ń pè wá síbi àsè. Oúnjẹ, ọṣẹ, bọ́ọ̀ṣì ìfọyín, gbogbo ohun tó ní òórùn, inú ọkọ̀ tàbí inú àpótí irin tí wọ́n ṣe síbẹ̀ ló ń sùn.

Ọmọ London:
Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kí béárì yín jókòó síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ àgùntàn là ń sọ níbí.

Àǹtí Glasgow:
Àwa ò ní béárì, a ní kantíkantí. Ìyá Ìbejì, ẹ dúpẹ́ pé kì í ṣe Glencoe lẹ̀ ń lọ. Láti oṣù Karùn-ún títí dé oṣù Kẹsàn-án, ní ìdájí àti ìrọ̀lẹ́, tí atẹ́gùn bá ti dúró, ẹ ò ní lè la ẹnu sọ̀rọ̀. Wọ́n á wọ imú, wọ́n á wọ etí, wọ́n á wọ abẹ́ irun. Atẹ́gùn nìkan ló ń lé wọn. Ẹ máa wá ibi gíga tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí wọ́n ti ń pàgọ́ bíi Scotland. Òfin 2003 ti ní ká pàgọ́ síbi tó bá wù wá lórí ọ̀pọ̀ ilẹ̀, láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ará England ẹ máa bẹ onílẹ̀.

Ìyàwó Dókítà, Edinburgh:
Àǹtí, ẹ sọ ọ́ tán. Létí adágún Loch Lomond tó jẹ́ ẹ̀yìnkùlé yín, láti oṣù Kẹta dé oṣù Kẹsàn-án, ìwé àṣẹ ni wọ́n ń gbà láwọn ibi kan. Àwọn ará Glasgow ló fa ìyẹn, wọ́n lọ da pàǹtí síbẹ̀ tán.

Àǹtí Glasgow:
Edinburgh! Ìgbà wo lẹ̀yin pàgọ́ kẹ́yìn? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé àga funfun dání lọ sí etí omi.

Ọmọ London:
Àwa náà ní Dartmoor, ilẹ̀ gbalasa kan ní gúúsù England. Onílẹ̀ kan pe ẹjọ́ pé kí wọ́n má pàgọ́ mọ́, ẹjọ́ dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní 2025, wọ́n ní kí àwọn èèyàn máa pàgọ́ lọ.

Bàbá Tólú, Manchester:
Dartmoor wá di ti London láti ìgbà wo? 😂 Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti kọjá M25, títì tó yí London ká, ẹ ti ń bèèrè pé ṣé ìwé ìrìnnà ò ní dí yín lọ́wọ́.

Ọmọ London:
Ẹni tó ń gbé inú òjò ló ń sọ̀rọ̀.

Bàbá Tólú, Manchester:
Mo ti mọ̀ pé yóò kan òjò. Glasgow ń rí òjò jù wá lọ lọ́dọọdún, ẹnikẹ́ni ò bú wọn. Lake District tí Ìyá Ìbejì ń lọ gan-an, ibẹ̀ ni Seathwaite ní Borrowdale wà, òun ni òjò ń rọ̀ sí jù nínú gbogbo ibi tí èèyàn ń gbé ní England. Ó ju 3,000 mílímítà lọ lọ́dún. Ẹ fi Manchester sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Leeds:
Borrowdale ni wọ́n kọ sínú ìwé wa. Borrowdale! Ẹ̀yin ará mi, mo ti kú.

Tíṣà Cardiff:
Ẹ ò kú. Ẹ kó aṣọ gbígbẹ kan pamọ́ sínú ọ̀rá, kí ẹ di ẹnu ẹ̀ pa, ti oorun nìkan ni. Ẹ má wọ aṣọ òwú (cotton) sùn, tó bá ti tutù, òtútù ló ń fi pamọ́ sára yín. Kí ẹ sì gbé omi gbígbóná sínú rọ́bà ìgbóná sí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ. Wọ́n á gbádùn ẹ̀. Ẹ̀yin ni ẹ̀ ń rojọ́, àwọn ọmọ ò mọ̀ pé ìyà ni.

Nọ́ọ̀sì Birmingham:
Èmi kì í gbádùn ẹ̀ níbẹ̀. Tí mo bá délé, tí mo wẹ̀, tí mo wọ bẹ́ẹ̀dì mi, ìgbà yẹn ni mò ń gbádùn ẹ̀.

Bọ̀dá Calgary:
Òru kan ṣoṣo ni ìṣòro yín. Ẹ pàgọ́, ẹ sùn, ẹ tú u, iṣẹ́ ni gbogbo ẹ̀. Ẹ lo òru méjì. Òru kejì, ọwọ́ yín ti mọ ibi tí tọ́ọ̀ṣì wà.

Àǹtí Glasgow:
Òótọ́ ni. Òru kejì tiwa, òjò dá, nẹ́tíwọ̀kì ò sí, àwọn ọmọ ò ní fóònù tí wọ́n máa tẹ̀, wọ́n ní kí n pa àlọ́. Mo jókòó, mo rántí bí iná ṣe máa ń lọ nílé, tí bàbá mi á tẹ́ ẹní síta fún wa, tí ọ̀kan nínú wa á ti sùn kí ìjàpá tó débi tó ń lọ. Mi ò lè pa á dé ìdajì. Omijé ni.

Ẹ̀gbọ́n Aberdeen:
Mo ti ń ronú ẹ̀ láti àárọ̀. Ẹ̀fọn nìkan ni kò jẹ́ n gbádùn ti ìgbà yẹn.

Ọmọ London:
Nígbà yẹn ooru ló lé wa síta, lọ́fẹ̀ẹ́. Báyìí a sanwó kí òtútù lè mú wa. Ọmọ Yorùbá ti dé ilẹ̀ òkèèrè.

Ìyàwó Dókítà, Edinburgh:
Mo ṣì fẹ́ ti nílé.

Ìyá Ìbejì, Leeds:
Màmá mi pè mí láti ilé báyìí. Mo ní a ń lọ sí kámpù lópin ọ̀sẹ̀. Wọ́n ní pásítọ̀ wo ló ń wàásù, kí n bá àwọn kọ orúkọ àbúrò mi sílẹ̀ fún àdúrà iṣẹ́.

Bàbá Tólú, Manchester:
Ẹ bá mi kọ Manchester United mọ́ ọn.