Ọkọ mi fò wọ pápá nítorí ọmọ wa: kí ni ká ṣe báyìí?

Ìyá Ìbejì, Balbriggan

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi, ẹ kú òtútù. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti Sátidé.

Táyé mi, ọmọ ọdún 13, ń gbá bọ́ọ̀lù Gaelic, eré ìbílẹ̀ ilẹ̀ Ireland tí wọ́n ń fọwọ́ fẹsẹ̀ gbá, fún ẹgbẹ́ àdúgbò wa. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹgbẹ́ mìíràn ni wọ́n lọ bá gbá nílé tiwọn. Táyé fi èjìká gbá ọmọ kan, ọmọ yẹn ṣubú, rẹfirí ní kí eré máa lọ. Ni bàbá kan tó dúró létí okùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ó kọ́kọ́ ní kí rẹfirí lé e jáde. Nígbà tí rẹfirí ò dá a lóhùn, ó kọjú sí ọmọ mi, ó ní kó padà síbi tó ti wá.

Ilé ìwòsàn Drogheda, níbí gan-an ní Ireland, ni mo bí Táyé sí o.

Táyé kúnlẹ̀, ó ń so okùn bàtà rẹ̀. Mo ń wò ó. Okùn yẹn ò tú tẹ́lẹ̀. Ó so ó, ó tú u, ó tún so ó, torí kò fẹ́ gbójú sókè. Kí n tó mọ̀, ọkọ mi ti fo okùn, ó ti wà nínú pápá, ó ń lọ bá bàbá yẹn. Ọkùnrin méjì ló dì í mú. Rẹfirí dá eré dúró fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún.

Nínú ọkọ̀ bá a ṣe ń darí bọ̀, Táyé ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Ọkọ mi ò sọ̀rọ̀ títí a fi délé.

Ṣé kí n yọ ọmọ kúrò ni? Ta la ń fẹjọ́ irú èyí sùn? Ṣé wọ́n lè tìtorí ohun tí ọkọ mi ṣe fìyà jẹ ẹgbẹ́ wọn?

Ẹ̀gbọ́n Athlone

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ bá mi kí Táyé gan-an. Ẹ má yọ ọ́ o.

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń ran àwọn kóòṣì ọmọdé lọ́wọ́ nínú ẹgbẹ́ tiwa níbí. Gádà, ìyẹn ọlọ́pàá ibí, ti yẹ̀ mí wò bí wọ́n ṣe ń yẹ gbogbo ẹni tó bá fẹ́ bá àwọn ọmọ ṣiṣẹ́ wò, torí náà ohun tí ojú mi ti rí ni màá sọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ariwo sọ́tọ̀ kúrò lára èébú. Etí pápá Gaelic kì í dákẹ́. Bí ẹ bá gbọ́ "steps, ref!", wọ́n ń sọ pé ọmọ tó gbé bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ti gbé ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin lọ láì ta á mọ́lẹ̀, láì sì fi ẹsẹ̀ ta á padà sọ́wọ́. Bí ọmọ bá fi èjìká gbá èjìká, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣì wà nílẹ̀, òfin gbà á láyè. Nítorí náà Táyé ò ṣẹ̀. Bàbá tó ní kí wọ́n lé e jáde kò mọ òfin, tàbí ó mọ̀ ọ́n, inú ló ń bí i. Ariwo nìyẹn, ẹ jẹ́ kó gba etí kan wọlé kó gba èkejì jáde.

"Padà síbi tó o ti wá" kì í ṣe ariwo. Ìwé òfin GAA, ẹgbẹ́ tó ń darí eré yìí, abala 1.12, sọ ọ́ gbangba pé ẹgbẹ́ náà kò gba ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà, ìbáà jẹ́ nípa ọ̀rọ̀ ẹnu, nípa ìṣe tàbí nípa fífi ọwọ́ júwe. Kò mọ sórí àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù nìkan.

Ọ̀rọ̀ ọkọ yín ló kù, mi ò sì ní fi bò, torí ibẹ̀ ni wàhálà wà. Lẹ́yìn eré, rẹfirí á jókòó kọ ìròyìn, ìròyìn náà á lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń darí ìdíje ní káúntì (ó dà bí ìpínlẹ̀ kékeré). Ohun tó bá wà nínú ìwé yẹn ni wọ́n ń gbà gbọ́ jù. Kí ọkọ yín tó fo okùn, bàbá yẹn nìkan ló lẹ́jọ́. Lẹ́yìn tó fò ó, ohun àkọ́kọ́ tí rẹfirí máa kọ ni pé òǹwòran kan wọ pápá, eré sì dúró. Bóyá ló máa rántí kọ èébú. Òfin sì sọ pé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló máa dáhùn fún ìwà àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀: wọ́n lè bu owó ìtanràn lé ẹgbẹ́, wọ́n sì lè yọ wọ́n kúrò nínú ìdíje. Bàbá ló fò, àwọn ọmọ 13, 14 ló máa san án.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Drogheda

Òótọ́ pọ́ńbélé lẹ̀gbọ́n sọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ládùúgbò tiwa.

Káúntì Louth ni Drogheda wà. Lọ́jọ́ 11 oṣù Keje 2010, Louth àti Meath, káúntì tó múlé gbè é, pàdé ní Croke Park, pápá ńlá GAA ní Dublin, nínú àṣekágbá ife ẹkùn Leinster. Àtọdún 1957 ni Louth ti gba ife yẹn kẹ́yìn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú yìí nígbà náà, mi ò mọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù wọn, àmọ́ gbogbo ojú fèrèsé ló ní àsíá pupa òun funfun, èmi náà jókòó wò ó lọ́dọ̀ aládùúgbò mi. Louth ló ń borí títí ó fi kù fẹ́ẹ́rẹ́. Ni bọ́ọ̀lù bá já lu àárín èrò níwájú òpó, Joe Sheridan ti Meath fọwọ́ gbé e kọjá ìlà. Gbogbo yàrá ló figbe ta. Rẹfirí, Martin Sludden, ní góòlù ni. Meath jẹ 1-12, Louth jẹ 1-10. Fún ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń kà á: nọ́ńbà iwájú ni góòlù, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ àmì 3, nọ́ńbà ẹ̀yìn ni ti èyí tó gba òkè ọ̀pá kọjá, tó jẹ́ àmì 1 nígbà náà.

Fèrè dún, àwọn alátìlẹ́yìn Louth ya wọ pápá. Wọ́n ń ti rẹfirí, wọ́n ń gbá a lórí, Gádà ló yí i ká mú un jáde. Lẹ́yìn náà GAA kéde pé rẹfirí fúnra rẹ̀ ti gbà pé àṣìṣe ni góòlù yẹn.

Ẹ rò ó wò. Louth ni wọ́n rẹ́ jẹ, ẹni tó rẹ́ wọn jẹ gan-an sì gbà bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ àwòrán tó lọ káàkiri ayé ni ti àwọn géńdé tó ń lu ọkùnrin kan ṣoṣo. Wọn ò tún eré náà gbá, Meath gbé ife lọ sílé. Aládùúgbò mi, àgbàlagbà tó ti lé ní 70 nígbà yẹn, sunkún lójú mi. Ó ní òun lè fara da góòlù yẹn, àmọ́ ojú àwọn tó ń lu rẹfirí ni òun ò lè gbàgbé, torí jẹsí òun ni wọ́n wọ̀.

2025 ni Louth tó rí ife yẹn gbà padà, Meath náà ni wọ́n sì nà. Aládùúgbò mi ti kú kó tó dìgbà náà.

Bàbá Tallaght

Ẹ má bínú sí mi o. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé kí èèyàn kó ẹnu rẹ̀ sápò. Ẹ̀gbẹ́ pápá Adamasingba ní Ìbàdàn ni mo dàgbà sí, látorí ìjókòó la ti ń bú rẹfirí látìgbà tí fèrè bá ti dún títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹni tó bá bú ọmọ mi nítorí àwọ̀ rẹ̀, tí mo dúró tí mo ń wò bí ère, kí ni ọmọ yẹn á máa rò nípa mi? Ọkọ Ìyá Ìbejì ṣe ohun tí bàbá ń ṣe.

Ẹ̀gbọ́n Athlone

Bọ̀dá mi, ìbéèrè yín tọ́, mi ò sì sọ pé kẹ́nikẹ́ni dákẹ́. Mo ní kí ọ̀rọ̀ wa lọ síbi tí wọ́n á ti gbọ́ ọ.

Eré yìí ò jọ tilé. Kò sí òṣèré tó ń gba owó oṣù nídìí rẹ̀. Àwọn tó ń gbá a ní Croke Park níwájú èrò tó lé ní 80,000, tíṣà, àgbẹ̀ àti oníṣẹ́ iná wà nínú wọn, tí wọ́n á tún lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Rẹfirí tó wá sí pápá Táyé, aládùúgbò ẹnì kan ni, ó fi Sátidé rẹ̀ sílẹ̀ ni. Ní Roscommon lọ́dún 2022, wọ́n lu rẹfirí kan níbi eré àwọn ọ̀dọ́ débi tó fi dèrò ilé ìwòsàn. Látìgbà yẹn, ara gbogbo wọn kì í balẹ̀ bí àgbàlagbà bá ti fo okùn. Àti pé ní Croke Park pàápàá, wọn kì í ya alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ méjì sọ́tọ̀: ará Kerry á jókòó ti ará Dublin, kò ní sí Gádà láàárín wọn. Ọ̀wọ̀ ara ẹni nìkan ló ń mú kó ṣeé ṣe.

Nínú eré àwọn àgbà, láti 2025, tí òṣèré bá bá rẹfirí jiyàn, wọ́n á gbé bọ́ọ̀lù síwájú ní mítà 50 fún ẹgbẹ́ kejì. Kápúténì nìkan ló lè lọ bá a sọ̀rọ̀. Ibi tí wọ́n le dé nìyẹn.

Bó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ wá ẹni tó wọ bíìbù tí wọ́n kọ *Bainisteoir* sí, mánéjà yín nìyẹn. Ẹ sọ fún un lójú ẹsẹ̀, "Ọkùnrin onífìlà búlúù yẹn sọ báyìí báyìí fún nọ́ńbà 7 wa, sọ fún rẹfirí kó kọ ọ́ sílẹ̀." Mánéjà ló máa mọ bó ṣe máa gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹfirí. Ẹ fi fóònù kọ ọ̀rọ̀ náà gan-an bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹ má tún un ṣe, ẹ má fi kún un. Ìṣẹ́jú wo ni, ta ló tún gbọ́. Òbí kan láti ẹgbẹ́ kejì tó bá gbọ́ ọ, tó sì gbà láti jẹ́rìí, ó tó ogún nínú wa. Ẹ má ya fídíò àwọn ọmọ olọ́mọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì o, ẹjọ́ yín lè yí padà sí yín.

Ìyá Ìbejì, Balbriggan

Ẹ ṣé gan-an. Ọjọ́ mẹ́ta ti kọjá báyìí, ṣé kò tíì pẹ́ jù? Mi ò mọ ẹni tí màá kọ̀wé sí.

Ẹ̀gbọ́n Athlone

Kò pẹ́ jù, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la. Gbogbo ẹgbẹ́ ló ní ẹnì kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé, Children's Officer ni wọ́n ń pè é. Òun ni kẹ́ ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́ sí, kẹ́ ẹ sì fi akọ̀wé ẹgbẹ́ sí i. Ìmọ̀ràn kan tí mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ fojú fò: ohun tí ọkọ yín ṣe ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ. "Ọkọ mi wọ pápá, kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, ó sì ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹfirí." Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ wá kọ ohun tí wọ́n sọ sí Táyé. Bí àwọn ló bá kọ́kọ́ sọ tiyín, ẹjọ́ tiyín nìkan ni wọ́n á máa dá.

Bọ̀dá Ìwé, Galway

Mo máa ń bá àwọn èèyàn wa kún fọ́ọ̀mù, ẹ jẹ́ kí n fi ẹyọ kan kún un. Ẹni tó bá ń tọrọ ìwé ọmọ-ìlú níbí, òfin ní kó jẹ́ oníwà rere, wọ́n sì máa ń béèrè lọ́wọ́ Gádà. Ẹ̀ṣẹ́ kan létí pápá lè dá ìwé tẹ́ ẹ ti ń retí láti ọdún márùn-ún dúró. Bàbá Tallaght, ìyẹn náà wà lára ohun tí ọmọ máa jẹ tàbí tí kò ní jẹ.

Àmọ́ bó bá jẹ́ ìhàlẹ̀ ni tàbí ẹni náà fọwọ́ kan ọmọ, ẹ lọ bá Gádà fúnra yín, ẹ sì sọ fún wọn pé ẹ gbà pé nítorí àwọ̀ ni. Òfin ọdún 2024 ti mú kí ìjìyà le sí i bí ìkórìíra ẹ̀yà bá wà nídìí ẹ̀ṣẹ̀.

Ọmọ Lucan

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ìyá àti bàbá mi. Èmi tí wọ́n tọ́ dàgbà níbí fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀. Láti ọmọ ọdún 8 ni mo ti ń gbá Gaelic, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀, tẹ́ni tó mọ̀ ọ́n sọ àti tẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n sọ. Wọ́n bú Lee Chin náà ní Wexford, ìlú-mọ̀ọ́ká òṣèré GAA tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Malaysia, ó sì ti sọ ọ́ ní gbangba. Nígbà tí mo rí Stefan Okunbor, tí ẹ̀jẹ̀ Nàìjíríà wà lára rẹ̀, nínú jẹsí Kerry, mo mọ̀ pé àyè wà.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé láti inú pápá, èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ èrò. Ohùn òbí rẹ lo máa ń gbọ́ láàárín gbogbo ohùn. Bí bàbá mi bá ti ń pariwo, ẹsẹ̀ mi á wúwo. Bàbá Tallaght, mi ò rò ó rí pé ẹni tó dúró jẹ́ẹ́ kò fẹ́ràn mi. Màmá mi kọ́ orúkọ gbogbo ọmọ inú ẹgbẹ́ wa, orúkọ tiwọn ló máa ń pè, kì í pe tèmi. Nígbà tó yá, tí ẹnì kan bá sọ ìsọkúsọ sí mi, màmá àwọn ọmọ yẹn ló máa ń kọ́kọ́ dá a lóhùn.

Bàbá Tallaght

Mo gbọ́, ọmọ mi. O ṣé.

Àǹtí Lusk

Ìyá Ìbejì, a ò jìnnà síra wa. Sátidé tó ń bọ̀, èmi àti bàbá ilé mi ń bọ̀ wá dúró tì yín. Ẹ sọ fún ọkọ yín pé òdìkejì pápá la máa dúró, níbi tí àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ kejì ò sí.

Ìyá Ìbejì, Balbriggan *(lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì)*

Ẹ̀yin ará mi, Ọlọ́run á bá wa ṣe é o.

Mo kọ ímeèlì yẹn lálẹ́ ọjọ́ náà, bí ẹ̀gbọ́n ṣe ní kí n kọ ọ́. Obìnrin tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé pè mí láàárọ̀ kùtù. Màmá ọmọ kan láti ẹgbẹ́ kejì ti kọ̀wé fúnra rẹ̀ pé òun gbọ́ ohun tí ọkùnrin yẹn sọ. Ìgbìmọ̀ káúntì ò tíì dájọ́. Wọ́n fi lẹ́tà kìlọ̀ fún ọkọ mi, ó sì kọ ìwé sí rẹfirí fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí n bá a kọ ọ́.

Táyé ló pè é padà wá. Àǹtí Lusk àti ọkọ wọn dé, pẹ̀lú fíláàsì tíì. A dúró sí òdìkejì nínú òjò. Ọkọ mi di fíláàsì yẹn mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò ṣí i. Ní ìdajì kejì, bọ́ọ̀lù tí Táyé gbá gba òkè ọ̀pá kọjá, ọkùnrin oníkóòtù funfun tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó gbé àsíá funfun sókè. Táyé kọ́kọ́ yíjú sí ọ̀dọ̀ wa kó tó sáré padà sípò rẹ̀.

Ilé la ó ti gbá lọ́jọ́ Sátidé, aago mẹ́wàá ààbọ̀ àárọ̀. Ẹni tó bá wà ní agbègbè wa, ẹ wá. Mo ti kọ́ orúkọ mẹ́sàn-án nínú wọn.